Ègbo Ọdún Kérésìmesì: Ẹ Fi Imú Yan Àgbàdo, Ẹ Fi Òru Sè É

Nígbàkígbà tí ọdún Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ ní ọjà àti ní ilé-ìwé: "Ẹnu pọ̀, owó kò tó. Kí ni ká sè tí yóò kárí?" Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ègbo fún yín lónìí, àti ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ̀ ọ́n sè.

Àgbàdo funfun gbígbẹ ni ègbo. A ó sè é títí tí yóò fi là, a ó wá fi orógùn pa á pọ̀ títí tí yóò fi rọ̀ bí òwú, tí yóò sì funfun báláú. Ẹ̀wà tí a fi ata àti epo pupa sè ni a máa ń bù lé e lórí. Ní ọjọ́ lásán, oúnjẹ òwúrọ̀ ni, àwọn ẹlẹ́gbo a sì máa kiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé wa ní Iléṣà, oúnjẹ ọdún ni.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà kì í fi iyán ṣeré. Iyán ni olórí oúnjẹ ọdún wa, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni iṣu, owó ni adìẹ, owó sì ni ìrẹsì. Ẹ̀gbẹ́ iyán ni ègbo ń jókòó sí, òun ni ó sì ń gba àwọn ọmọdé, àlejò àti aládùúgbò tí iyán kò kárí. Òṣómàálò ni bàbá bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní bí ó bá ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, kì í dá wá. Ẹni méje, ẹni mẹ́jọ ni ó máa ń tẹ̀lé e. Láti ayé ìgbà náà ni ìkòkò ègbo ńlá ti wà ní ilé wa.

Ọwọ́ ìyá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ni ìkòkò náà wà ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, ojú Yèyé ti ń ṣe bàìbàì, apá rẹ̀ kò sì gbé orógùn mọ́. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Èkó ní kí a fi ègbo sílẹ̀, kí a ra ìrẹsì. A ṣírò owó ìrẹsì fún ẹni ogójì, gbogbo wa sì dákẹ́. Ni mo bá fi ẹnu mi kó ọ̀rọ̀ sí ara mi lọ́rùn, mo ní, "Èmi ni n ó se ègbo náà."

Òṣogbo ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, níbẹ̀ náà ni mo sì ti ra àgbàdo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣogbo mọ̀ pé ní oṣù kẹjọ, tí àlejò ń wọ́ wá fún ọdún Ọ̀ṣun, àgbàdo tútù ló máa ń wà lóde, tí a ń sè, tí a ń sun, tí a sì ń fi ṣe àbàrí. Ti oṣù Kejìlá yàtọ̀. Àgbàdo gbígbẹ tí ó ti wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan ni a óò rà, ibẹ̀ ni ewu sì wà. Mo rí olùtà kan tí owó tirẹ̀ dín sí ti àwọn yòókù. Inú mi dùn, mo ra kóńgò mẹ́rin, mo di í, ó di Iléṣà.

Ọ̀sán ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni a wọlé. Mo gbé igbá àgbàdo síwájú Yèyé, kí ó lè mọ̀ pé ọmọ òun gbọ́n ọjà. Kò wò ó, nítorí kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ igbá, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi sí imú. Ó ní, "Àgbàdo yìí ti bu. Ẹ dà á nù."

Mo wò ó dáadáa nígbà náà. Lóòótọ́, àwọn ìdí àgbàdo kan ní àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, òmíràn dúdú ní ẹnu. Ṣùgbọ́n owó ń dùn mí. Mo ní, "Yèyé, a ó ṣa èyí tí kò dára kúrò. Òru mọ́jú ni a ó fi sè é, iná yóò pa ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀."

Ó ní, "Iná kì í pa ohun tó ti wọ inú rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn adìẹ, kí ó má baà ṣòfò."

Ó dá mi lóhùn pé, "Ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ, ṣé adìẹ tí ẹ ó pa jẹ lọ́la ni ẹ fẹ́ fi bọ́?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, mo sì fi ọwọ́ ara mi sin kóńgò mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Lẹ́yìn ọdún ni mo tó kà nípa rẹ̀, tí mo rí i pé èmi tó ka ìwé ni mo ṣìnà. Ní ọdún 1960, tọ̀lótọ̀ló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí, wọ́n rí i pé oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu ni wọ́n fi bọ́ wọn. Májèlé tí ìbu náà ń ṣe ni wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ń bà jẹ́, ẹni tó bá sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ lè ti ibẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àgbàdo àti ẹ̀pà ni ó fẹ́ràn jù. Iná ìdáná wa kò gbóná tó láti pa á run. Ní ọdún 2004, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ kí ó tó gbẹ ṣe ènìyàn 317 ní àìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé imú nìkan. Májèlé náà lè wà nínú àgbàdo tí kò tíì rùn. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì bi í bí ó ṣe sá a. Bí ẹ bá fi eyín gé e, kí ó dún kó, kí ó má rọ̀. Ẹ ṣa gbogbo èyí tó fọ́, tó ní kòkòrò, tó sì ní àwọ̀ kúrò. Nílé, ẹ gbé àpò lé orí pákó, ẹ má gbé e sílẹ̀ lásán, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ògiri. Ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, wà lára àwọn tó ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè fọ́n sí oko kí ìbu olóró náà má baà rí àyè. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Iléṣà. Owó ọkọ̀ tí a ó fi padà sí Òṣogbo nìkan ló kù ní àpò mi. Èmi àti ìyàwó mi sáré lọ sí Ọjà Atákúnmọ́sà kí ilẹ̀ tó ṣú, a fi owó náà ra àgbàdo mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, imú mi ni ó kọ́kọ́ wọ inú igbá.

Ní tòótọ́, ó yẹ kí àgbàdo ègbo sùn nínú omi láti alẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Àyè kò sí. Yèyé jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, ó ń pàṣẹ. A da omi gbígbóná lé e, a dé e fún nǹkan bí wákàtí kan. A dà á sínú odó, a gún un jẹ́jẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, kí ó má sì di ìyẹ̀fun. A ṣàn án lómi títí èèpo fi léfòó lọ, a wá dà á sínú omi tó ń hó.

Àbúrò bàbá mi kan kọjá, ó rí mi nídìí iná, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìyàwó rẹ kò sí nílé ni?" Yèyé ni ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: "Ọwọ́ tó ń di ṣọ́ọ̀kì mú náà ni ó di orógùn mú. Ẹ bá wa gbé igi wá." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé igi wá.

Nígbà tí ó di òru, oorun ń kùn mí. Mo rò ó pé bí iná bá pọ̀ sí i, yóò tètè jinná, kí n lè sùn. Mo ki igi mẹ́ta sí i. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo gbọ́ ohùn Yèyé láti inú yàrá: "Ó ti ń jó o!" Ìsàlẹ̀ ìkòkò ti ń dúdú. Ó ní kí n má ro ó rárá, kí n rọra dà á sí ìkòkò mìíràn, kí n fi èyí tó jó sílẹ̀ síbẹ̀. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn, òórùn kò sì wọ inú èyí tó kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Àkùkọ kọ, àgbàdo là. Yèyé mú ìdí kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, kò bá ohun líle kankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ó jinná." Ìgbà náà ni a fi iyọ̀ sí i, tí mo sì fi orógùn pa á títí apá fi ro mí. Lọ́jọ́ ọdún, ẹni ogójì ó lé jẹ, ó sì ṣẹ́kù. Ọwọ́ àbúrò mi tó ní kí a ra ìrẹsì ni mo ti yá owó ọkọ̀. Ó fún mi, ó sì bu abọ́ kejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ọ̀nà rẹ̀ rèé ní kúkúrú. Kóńgò méjì yóò tó ẹni ogún tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ mìíràn. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ gún un jẹ́jẹ́, ẹ ṣàn án. Bí ó bá ti hó, ẹ fa igi jáde kí iná ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un. Omi tútù yóò dá a dúró. Àwọn kan a máa fi káún sí i kí ó lè yá, ṣùgbọ́n káún a máa yí àwọ̀ rẹ̀ padà, a sì máa ba díẹ̀ nínú oore oúnjẹ náà jẹ́. Ẹ fi iyọ̀ sí i ní ìgbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tún rọ̀ kí ó sì dùn fún àwọn ọmọdé, ẹ rin àgbọn, ẹ fún omi rẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń pa á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀wà jìnnà sí i. Àgbàdo nìkan kò ní gbogbo ohun tí ń mú ara dàgbà. Èyí tó kéré nínú rẹ̀ ni ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Àwọn ìyá wa ti so àwọn méjèèjì pọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Òjò ọdún 2023 ni Yèyé lọ. Ní Kérésìmesì ọdún náà, èmi nìkan ni mo jókòó ti ìkòkò. Ọmọ mi obìnrin bá mi ṣa àgbàdo. Kí n tó sọ̀rọ̀, mo rí i tí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ igbá, tí ó fi sí imú.