Àwòrán Ara Ògiri: Ojúlówó Dà, Ayédèrú Dà?

Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo fi owó rà, ó yẹ kí ẹ̀yin rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ mọ bí ògiri pálọ̀ wa ṣe ń rí ní agbègbè Ìyànà-Ìbà yìí: kàlẹ́ńdà ìjọ, kàlẹ́ńdà olóṣèlú tí ó ti wọlé tí ó sì ti jáde, àti fọ́tò ìgbéyàwó. Tèmi náà kò yàtọ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí àjọ tí àwa olùkọ́ ń dá kàn mí, mo ní n ó ra àwòrán kan tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, kí àwọn ọmọ mi lè máa dàgbà níwájú rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, bàtà ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ta àwòrán lẹ́bàá ọ̀nà fi àwòrán àwọn obìnrin ọlọ́jà hàn mí. Ọ̀dà wú lójú rẹ̀, ó ń dán, orúkọ sì wà ní igun ìsàlẹ̀. Ó ní ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni lábẹ́ ọ̀run. Ó pè é ní ₦80,000; mo ná an, ná an, a parí rẹ̀ sí ₦45,000. Inú mi dùn bí ẹni tí ó rí owó he. Oṣù kan kò pé tí mo wọ báńkì kan lọ gba owó. Bí mo ti gbójú sókè báyìí, àwòrán mi ni mo rí lára ògiri wọn: àwọn obìnrin kan náà, igbá kan náà, àní ibi tí ọ̀dà ti kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ kan, bákan náà ni. Ọlọ́run ta mí lọ́rẹ ìbejì ọmọ, èmi náà fi owó ara mi ra ìbejì àwòrán!

Mo gbé e tọ ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. Ó mú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí n wo ibi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́. Mo rí àmì wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀bù lóko. Ẹ̀rọ ni ó tẹ àwòrán náà sára kánfáàsì. Wọ́n kàn fi búrọ́ọ̀ṣì ya ọ̀dà lé e níhìn-ín lọ́hùn-ún kí ó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Orúkọ igun ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ ló tẹ òun náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ́ sí i lójú. Bí wíwú ọ̀dà kò bá tẹ̀lé ìlà ohun tí a yà, ẹ fura. Ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó yà á àti bí ẹ ṣe lè rí i. Olùtajà tí kò bá lè dáhùn ìyẹn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

N kò sọ pé ẹ̀dà burú o. Ta ni kò mọ Tutu, àwòrán Adetutu Ademiluyi, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà ní 1973? Ẹ̀dà rẹ̀ lórí bébà wà nínú ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ ti sọnù tipẹ́, kí wọ́n tó rí ọ̀kan nínú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n tà á ní gbàǹjo ilé Bonhams ní £1,205,000. Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ọwọ́ Enwonwu kàn. Ẹni tí ó bá ta ẹ̀dà fún wa ní iye ẹ̀dà kò ṣẹ̀ wá.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé a rí àwòrán tí a tẹ̀ tí ó sì jẹ́ ojúlówó. Bruce Onobrakpeya, tí a bí ní 1932, jẹ́ tíṣà bí èmi, St. Gregory's College ní Èkó ni ó ti kọ́ni láti 1963 títí di 1980, irú àwòrán yìí sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Oníṣẹ́-ọnà yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán sára pákó tàbí lino, irú èyí tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Yóò fi yíńkì pa á, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó lè jẹ́ ogún péré. Yóò wá fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 6/20, èyíinì ni ẹ̀kẹfà nínú ogún. Nítorí pé ogún ènìyàn ló máa pín in rà, kì í wọ́n bíi ti ẹyọ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni èmi gbà wọlé.

Ẹ má sì wá ẹni tí ayé ti mọ̀, apá wa kò ká owó wọn mọ́. Ní 1964, Taiwo Olaniyi tí a mọ̀ sí Twins Seven Seven, oníjó tí ń bá ẹni tí ń kiri òògùn rìn ni, nígbà tí ó dé Mbari Mbayo ní Òṣogbo tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́. Kí ó tó kú ní 2011, UNESCO ti fi oyè dá a lọ́lá. Ọmọọba Yẹmisí Shyllon, tí ó fi 1,000 iṣẹ́ ọnà ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ fún ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 2019, nígbà tí ó wà nílé-ìwé ní Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ra àwòrán. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwòrán tí a bá rà kò ní sọ wá dolówó. Ẹ ra èyí tí ojú yín kò ní sú láti wò.

Èmi padà sí Ìjànìkin, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ kí ó tó di yunifásítì ní 2022, mo bi àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ léèrè. Wọ́n júwe ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún mi ní Okokomaiko, tí ń gbẹ́ lino nínú yàrá kan ṣoṣo. Ó fi obìnrin kan tí ń yan ẹja hàn mí. Èéfín gba gbogbo òkè bébà náà. Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. ₦30,000 ni ó pè é, n kò sì ní ju ìdajì lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé e lọ. Bí owó oṣù bá wọlé, ẹ san ìyókù."

Ó kọ rìsíìtì fún mi: orúkọ rẹ̀, orúkọ àwòrán, ọdún, ohun tí ó fi ṣe é, gígùn àti ìbú rẹ̀. Ìwé yẹn ṣe iyebíye, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: àwòrán ni ẹ rà, ẹ kò ra àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà tàbí ẹ̀wù. Lábẹ́ òfin 2022 lórí irú nǹkan báyìí, ọwọ́ ẹni tí ó yà á ni àṣẹ náà ṣì wà, àfi bí ó bá fi ìwé gbé e fún yín. Ère àtijọ́ tí wọ́n ń gbé kiri ní kọ̀rọ̀ ńkọ́? Òfin 1979 kò gba tità àti ríra irú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jìnnà sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá gbé e kọ́ nígbà tí ó wá gba ìyókù owó rẹ̀. Ó kọ ògiri tí mo fẹ́, ó ní oòrùn ọ̀sán yóò ṣá a, ó sì kọ èyí tí omi òjò máa ń rin. Ó fi gíláàsì bò ó, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ láàárín kí bébà má baà lẹ̀ mọ́ gíláàsì nítorí ọ̀rinrin. Ìbejì àwòrán ti àtijọ́ ńkọ́? Ìyá Ìbejì ti fi bo ojú ilé adìẹ.

Kẹ́hìndé ka nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, 6/20, ó ní níbo ni ẹ̀karùn-ún wà. Táyé ní òun fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀keje wà ní tòun. N kò mọ̀. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní obìnrin ẹlẹ́ja náà lára ògiri rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi.