Ẹbu Epo àti Odò Ẹ̀yìnkùlé

Láìpẹ́ yìí ni mo dé abúlé kan ní agbègbè Lágelú, ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe epo. Mo rí ìyàwó kékeré kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí ó rìn kọjá odò ẹ̀yìnkùlé, tí ó lọ pọn omi ní ọ̀nà jíjìn. Mo bi í ní ìdí rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Àǹtí, epo ti léfòó sójú èyí. Ìyá ọkọ mi ni ó sì ni ẹbu náà.”

Omi tí a fi se ẹyìn kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ odò, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, a sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá, tọ́ọ̀nù epo 1 a máa gba omi tọ́ọ̀nù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó sì ń padà di ìdọ̀tí. Àwa kì í wọn tiwa, a kàn ń dà á nù ni.

Kòtò méjì ni ẹ ó gbẹ́, kí ó jìnnà sí odò àti kànga. Ẹ da omi gbígbóná náà sínú èkíní, kí ó silẹ̀. Epo tí ó bá léfòó, ẹ ré e kúrò; ó dára fún ọṣẹ. Ẹ wá jẹ́ kí omi tí ó kù ṣàn sínú kòtò kejì. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, bí ẹ bá pò ó mọ́ ewé gbígbẹ tí ó sì jẹrà, di ajílẹ̀. Ìhá ni kí ẹ fi dáná, kì í ṣe táyà ògbólógbòó tí àwọn kan ń sun! Èéfín yẹn kò mọ ọmọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ìyá. Ìdì tí a ti gba ẹyìn orí rẹ̀ tán, ẹ kó o sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí kí ẹ sun ún, kí ẹ fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin ọ̀pẹ tuntun, ẹ wá irú tí wọ́n ń pè ní tenera, tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ sì nípọn. NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́bàá Benin láti ọdún 1939, ń pèsè rẹ̀. Epo rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, a kò sì ní láti gé igbó tí ó ṣẹ́kù bí wọ́n ti gé púpọ̀ ní Indonesia. Síbẹ̀, èmi kò fẹ́ kí a gé ọ̀pẹ àtijọ́ tán. Níbo ni a ó ti rí ìgbálẹ̀?

Èmi àti ìyàwó náà kúnlẹ̀ bá ìyá ọkọ rẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ odò lákọ̀ọ́kọ́. Epo tí ó ń dà nù ni a sọ. Ìyá dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ta ni yóò gbẹ́ kòtò náà?” Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dáhùn láti inú ilé pé òun ń wá ọkọ́.