Kì í Ṣe Rìbá Ló Lọ́ Òfin Ilẹ̀ Èkó Pọ̀

Láti Ìta Fàájì dé Ìdúmọ̀tà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ òfin ilẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè máa rí rìbá gbà. Irọ́ ni. Rìbá wà, ta ni yóò jiyàn ìyẹn? Ṣùgbọ́n ó bá òfin náà ní lílọ́ ni. Bí a bá lé gbogbo olè kúrò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ lónìí, òfin náà kò ní tìtorí ìyẹn rọrùn lọ́la.

Ibi tí lílọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, lábẹ́ ìbẹ̀rù ọkọ̀ ogun, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹbí la mọ̀, tí àwọn olóyè onílẹ̀ tí à ń pè ní Ìdẹ́jọ sì ń mójú tó tiwọn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, bá wọn ṣẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay, ajàjàgbara ọmọ Èkó, sì bá a lọ. Ní 1921, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá a láre pé ìwé Dòsùnmú kò pa ẹ̀tọ́ ẹbí rẹ́. Ìdájọ́ òdodo ni. Àmọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà kò kú, méjèèjì sì jọ wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ní 1947, wọ́n tún ní láti ṣe òfin lọ́tọ̀ nítorí ilẹ̀ àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, òmíràn nítorí àwọn Arọ́tà, ìyẹn àwọn ará ilé olóyè tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ni wọ́n ní yóò mú un rọrùn. Abala 22 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ láìgba àṣẹ gómìnà. Abala 34 dá ẹ̀tọ́ ẹni tó ti kọ́lé sórí ilẹ̀ ìgboro tẹ́lẹ̀ sí. Abala 48 fi àwọn òfin ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, àyàfi àtúnṣe díẹ̀. Ta nínú wa ni ì bá gbà kí wọ́n fa ìwé bàbá òun ya? Ẹ̀tọ́ wa ló wà nídìí kókó kọ̀ọ̀kan; àwa fúnra wa la ní kí wọ́n so ó. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sì tún wá so Òfin Lílo Ilẹ̀ mọ́ra rẹ̀, kò sì ṣeé tún ṣe bí òfin lásán mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, bí aṣòfin bá tún gbé àbá òfin ilẹ̀ tuntun dé, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í léèrè òfin àtijọ́ tó fẹ́ fagi lé, àti ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò bá a lọ. Bí kò bá lè dárúkọ wọn, ẹ dá àbá rẹ̀ padà fún un.