Ẹ San Owó Òwú Fún Ahunṣọ

Ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa olùkọ́ 12 fẹ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá níbi òkú ìyá ọ̀gá wa. Mo lọ sí Ìsẹ́yìn, mo bẹ bàbá kan tí ń hun òfì pé kí wọ́n bá wa hun etù. Bàbá bi mí pé, "Tíṣà, owó òwú ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Bí a bá ti gba owó oṣù, a óò san án." A gba aṣọ, a wọ̀ ọ́, a jó. Oṣù mẹ́rin kọjá kí owó bàbá tó pé.

Nígbà tí mo mú èyí tí ó kù lọ, òfì ti dákẹ́. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá ti lọ ń gun ọ̀kadà. Bàbá kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Owó òwú ẹlòmíràn ni mo fi hun tiyín." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹgba lọ.

Láyé àtijọ́, òwú tí àwọn obìnrin ran nílé ni a fi ń hun aṣọ. Lóde òní, ọjà ni ahunṣọ ti ń ra òwú. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì sì ń hun. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ń rán pọ̀ kí ó tó di agbádá kan. Bí owó bá há sí wa lọ́wọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àwa kan náà ni a óò tún máa kédàárò pé iṣẹ́ ìbílẹ̀ ń parun!

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a dá owó jọ kí a tó bẹ iṣẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ san owó òwú ṣáájú, kí ẹ sì san ìyókù lọ́jọ́ tí ẹ bá gba aṣọ. Ẹ má sì tìtorí pé ebi ń pa ahunṣọ kí ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Òfì bàbá ti tún ń dún báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò tíì padà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.