Ẹ Bu Oúnjẹ Mi Sínú Abọ́ Mi

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024, ariwo ta: kí la ó wá máa fi bu ìrẹsì? Ẹnu yà mí. Àbí kì í ṣe àwa náà là ń gbé abọ́ tánńganran sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà láàárọ̀? Bí abọ́ bá dọ̀tí, ìyá á ní ká lọ fọ̀ ọ́ wá. Lónìí, gbé kúlà dé ilé oúnjẹ ńlá, wọn á wò ọ́ bí ẹni tó wá tọrọ báárà. Ó ṣojú mi: wọ́n kọ abọ́ mi, wọ́n sì fi owó ike tiwọn lé owó ọ̀fadà mi. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹni tó bá gbé abọ́ mímọ́ wá, ẹ yọ owó ike fún un. Kí ẹ sì fi ṣíbí kan náà wọn tirẹ̀ o, torí abọ́ ńlá máa ń mú kí oúnjẹ kéré lójú, ibẹ̀ sì nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ike ọjọ́ náà ò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì kún gọ́tà àdúgbò wa dí.