Ìròyìn Tí Ó Gbé Ẹ̀wù Àfojúbà Wọ̀

Nígbà tí àwọn àgbà wa ti jókòó wo ayé títí, tí wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n tó fi ẹnu kò pé ìròyìn kò tó àfojúbà: ohun tí ẹlòmíràn wá rò fún ni, bí ó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó, kò lè dà bí ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí wọ́n ń pa òwe yìí, kò tíì sí ẹ̀rọ tí ó lè gbé ìròyìn wọlé tọ ènìyàn nínú yàrá rẹ̀, kí ìròyìn náà ní ojú, kí ó ní ẹnu, kí ó máa rìn, kí ó máa sunkún, títí ẹni tí ń wò ó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé òun wà níbẹ̀. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni fíìmù dọkumẹ́ńtárì, èyí tí kì í ṣe eré àròsọ, tí ó ń sọ fún wa pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé gan-an ni òun ń fi hàn. Ìròyìn ni, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀wù àfojúbà wọ̀; nítorí náà ni mo ṣe gbà pé olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ilé-ìwé bí a ti ń kọ ìwé ìwádìí, inú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ bí a ti ń bọ́ ẹ̀wù yẹn wò.

Ohun tí ojú àwa olùkọ́ ń rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi pamọ́. Ọmọ yóò lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò lo mẹ́fà mìíràn ní girama, gbogbo ohun tí wọn yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó da ohun tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó padà bí ó ti wà. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni yóò bi í pé, 'Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?' Ọmọ yìí kan náà ni yóò dé ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, tí wọn yóò sọ fún un lójijì pé kí ó lọ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní prójẹ́ẹ̀tì, kí ó sì kó o dé láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tí a kò kọ́ ní ìlù rí, tí a wá gbé gángan kọ́ léjìká lójú agbo, kí ni a rò pé yóò lù? Yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́nu géètì, yóò ra iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, yóò sì yí orúkọ padà. Mo ti ka ọ̀kan rí, tí ẹni tí ó fi orúkọ sí i sọ pé àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá Òṣogbo ni òun fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí kẹta, etí odò Kàdúná ni mo bá àwọn àgbẹ̀ náà, tí wọ́n ń bomi rin tòmátì. Wọ́n ti pa orúkọ ìlú rẹ́, wọ́n gbàgbé odò. Olè ni, n kò ní pe orúkọ mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo pe ọmọ náà, kò mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà rárá. Lójú tirẹ̀, ìwádìí ni pé kí a kó ọ̀rọ̀ jọ kí ó pọ̀.

Fíìmù kan wà tí mo máa ń mú lò láti fi là wọ́n lójú. Ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Crown Film Unit ni ó yà á ní àgbègbè Udi ní ilẹ̀ Ìgbò, Terry Bishop ni ó darí rẹ̀, ó jáde ní ọdún 1949, Daybreak in Udi sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará abúlé kan ni wọ́n pinnu láti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn kan láàárín wọn takò ó. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ó wà níbẹ̀, E. R. Chadwick, tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ àgbègbè náà ní tòótọ́, ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń gbà wọ́n níyànjú. Àwọn alátakò gbìyànjú láti dẹ́rù ba agbẹ̀bí ní òru, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí, ilé náà sì dúró. Wọn kò kó òṣèré wá láti ibì kankan. Àwọn ènìyàn Udi fúnra wọn ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ó dùn-ún wò, ó wọni lára, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fún un ní ẹ̀bùn Oscar ní 1950.

Ní ọjọ́ kan tí mo fi í han kíláàsì kan, tí a ti fi aṣọ bo fèrèsé, tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó parí. Mo bi wọ́n bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí, gbogbo wọn sì fi ẹnu kan dáhùn pé, 'Òótọ́ ni, sà.' N kò bá wọn jiyàn. Mo dá fíìmù náà padà sí ibi tí àwọn alátakò ti jáde ní òru, mo dá a dúró síbẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó na ọwọ́ sókè. Ó ní, 'Sà, wọ́n ní òru ni, wọ́n sì ní ìkọ̀kọ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń bá bọ̀. Ta ni ó wá ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ dè wọ́n?' Kí n tó la ẹnu, ẹlòmíràn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: 'Iná náà ńkọ́? Ta ni ó tan iná sí wọn lára?' Kíláàsì náà sì dà bí agbo ijó tí onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọwọ́ padà.

Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí wà nínú ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn. Ẹni tí ó bá ti bi í ti mọ̀ pé ẹnì kan ni ó to ohun tí òun ń wò, pé a ti fi ibi tí wọn yóò dúró sí han àwọn ènìyàn náà, a sì ti sọ ìgbà tí wọn yóò rìn fún wọn. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí olùkọ́ ti rọra, nítorí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé a tò ó lè fò láti orí 'òótọ́ ni gbogbo rẹ̀' bọ́ sórí 'irọ́ ni gbogbo rẹ̀', bẹ́ẹ̀ ọ̀lẹ kan náà ni ó bí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ilé ìgbẹ̀bí wà, àwọn ènìyàn sì làágùn lórí rẹ̀. Kí a ya èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a tún ṣe fún ojú kámẹ́rà, kí a sì sọ ìdí tí a fi rò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ní kí wọ́n béèrè ta ni ó san owó, kí ni ẹni náà sì fẹ́ kí a gbàgbọ́. Ìjọba amúnisìn ni ó sanwó, ní àkókò tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pariwo pé àwọn fẹ́ gba ara àwọn. Ajẹ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ gbogbo ìlú kò lè ṣàìwúlò fún irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949 yẹn kan náà, ní Iva Valley ní Enugu, tí kò jìnnà sí Udi, ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú, tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn, ènìyàn 21 sì kú. Kò tíì pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ tí Oscar fi tẹ fíìmù Udi lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá sáré kọ ọ́ pé fíìmù náà fi ìpànìyàn pamọ́ ti purọ́ mọ́ fíìmù, máàkì rẹ̀ yóò sì dínkù lọ́wọ́ mi, nítorí wọ́n ti yà á kí ìbọn tó dún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá béèrè ohun tí àwọn ènìyàn agbègbè yẹn ń sọ nípa iṣẹ́ àti owó ọ̀yà wọn ní ọdún náà, tí ó lọ wá ìwé ìròyìn West African Pilot ti Azikiwe, tí ó lọ wá ìwé tí ìgbìmọ̀ Fitzgerald kọ jáde ní 1950 lórí ìbọn Enugu, tí ó wá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ fíìmù náà, ọmọ náà ti kúrò ní adàwékọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni fíìmù nínú ẹjọ́, bí ó ti wù kí aṣọ rẹ̀ dán tó.

Bákan náà ni ti Nanook of the North, èyí tí Robert Flaherty gbé jáde ní 1922 nípa àwọn Inuit ní àríwá Kánádà. Allakariallak ni orúkọ ọdẹ tí a pè ní Nanook. Ìlàjì ilé yìnyín ni wọ́n kọ́ fún un, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé fún kámẹ́rà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti ń fi ìbọn ṣọdẹ nígbà tí Flaherty ní kí wọ́n mú ọ̀kọ̀ àtijọ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irọ́ ṣá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọgbọ́n àjèjì ni mo fẹ́ kó wọ àwọn ọmọ lọ́rùn. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson fẹ́ kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kìn ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, ọmọ Àtìbà, ni ó ti lọ tẹ́tí. Ó lọ bá Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, ọmọ ọlọ́fà iná, tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ sí òpìtàn. Ó wá àwọn tí ojú wọn rí ogun, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwọn jagunjagun Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Ó sì dárúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, wọ́n sọ ọ́ nù níbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìrí ìwé náà lójú. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó fi wọ́n tún un kọ. Nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ mi bá ń ráhùn pé kí ni àwọn ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé kékeré fún, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n bi Johnson pàápàá léèrè: ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kìn Aláàfin, ojú Ọ̀yọ́ kọ́ ni ó fi ń wo Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá bí?

Nígbà tí a bá wá dé orí kíkọ, mo máa ń ní kí wọ́n fa ìlà sí àárín ojú ìwé: ní apá òsì ohun tí ojú rí, ní apá ọ̀tún ohun tí ọkàn rò. 'Inú rẹ̀ bàjẹ́' kò gbọdọ̀ sí ní apá òsì. 'Ó wo ilẹ̀, kò dáhùn' ni kí ó wà níbẹ̀. Ó máa ń gbà wọ́n ní ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ ìyàtọ̀ yìí, n kò sì mọ ohun mìíràn tí ó tún ṣòro tó o nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, tí ó sì lè sọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo ohun tí òun ń wá, ojú ìwé márùn-ún tí yóò kọ yóò sàn ju ọgọ́rin tí a rà lẹ́nu géètì lọ. Mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Èdè Yorùbá ni ọmọbìnrin ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn fi béèrè ìbéèrè rẹ̀ nípa kámẹ́rà. Bí mo bá ti ní dandan Gẹ̀ẹ́sì ni, ìbá ti gbé e mì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé iná kò sí, pé ọmọ ọgọ́rin ni ó wà ní kíláàsì kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ìran ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù olùkọ́, tí ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá yí ká, ti tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ti dé tí ń kọ àpilẹ̀kọ fún ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ni a tún ń da ara wa láàmú sí? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè ya àwòrán ẹni tí kò wá sáyé rí, kí ó sì mú un sọ̀rọ̀ bí alààyè. Ní 1949, bí ọmọ bá béèrè ta ni ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ẹnì kan wà tí a ó dárúkọ. Lónìí, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni, kò sì sí kámẹ́rà. Ọmọ tí kò bá ti kọ́ láti béèrè, kí ni yóò gbà á sílẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ń to ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń san owó prójẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yín kò kọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a dúró de yunifásítì. Láti ọdún kìn-ín-ní ní ilé-ìwé gíga girama ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù Udi kò tó wákàtí kan. Píríọ́dù méjì lórí táìmù-tébù ti tó o.