Keshi Ní Ìdálẹ̀

A bá àwọn tó bímọ l'óṣù yìí yọ̀. Olúwa yóò wò wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́ ti Stephen Keshi. Ẹ̀yìn ló ń ṣọ́, òun sì ni balógun Super Eagles tó gba Ife Áfíríkà l'ọ́dún 1994. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, Tógò gbà á s'íṣẹ́ ní 2004. Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lomé, wà lára àwọn tó kọ́. Ní 2005, Tógò pegedé fún Ife Àgbáyé, èyí tí wọn kò ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ sí Jámánì ní 2006, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Otto Pfister.

Keshi kò tìtorí èyí jókòó. Ó lọ kọ́ Málì, ó padà wálé, ó sì gba Ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 2013. Ó kú ní 2016.

Ẹ̀yin ọmọ wa, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọn kò lè gba ìmọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́ṣẹ́ yín dójú àmì. Ó dìgbà.